Bí Mo Ṣe Fi Etí Kọ́ Ìgbohùnsílẹ̀

Ọdún kẹta tí mo fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran. N kò gbèrò rẹ̀ rárá. Ilé wa ní Ọ̀yọ́ kò jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́, èmi àti ọkọ mi sì máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sí yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ilé. Lọ́dún yẹn, ọmọbìnrin kan tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ gba ọ̀kan nínú yàrá náà. Láti kékeré ni kò ti ríran. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ó ti mọ ilé wa ju bí àwọn ayálégbé tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ó mọ àtẹ̀gùn tó ti sán, ó mọ ibi tí adìyẹ máa ń yé ẹyin sí, ó sì máa ń mọ̀ bóyá inú mi dùn tàbí kò dùn látinú bí mo ṣe ń gbé ìdérí ìkòkò kalẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wá bá mi ní pálọ̀ pẹ̀lú ìwé pélébé kan tí olùkọ́ wọn pín fún gbogbo kíláàsì. Ẹni tó máa ń bá a ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti rìnrìn àjò, ìdánwò sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun kà á sínú fóònù, kí òun lè máa gbọ́ ọ léraléra. Fóònù tèmi ni mo lò, mo sì fi ránṣẹ́ sí i. Kíkà náà gbà mí tó ogójì ìṣẹ́jú. Ọkọ mi wà lórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń tẹ́tí. Nígbà tí mo parí, ó ní òun náà ti wá mọ bí ọmọdé ṣe ń kọ́ èdè báyìí, kí wọ́n fi orúkọ òun náà sílẹ̀ fún ìdánwò.

Ọmọ náà yege. Nígbà tí wọ́n wọlé padà, àwọn mẹ́ta mìíràn tẹ̀ lé e wá, kálukú pẹ̀lú ìwé tirẹ̀. Bó ṣe di iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo máa ń jókòó sí tábìlì pálọ̀ lọ́sàn-án, màá gbé fóònù ti ife omi, màá sì máa kà. Tí ọ̀kadà bá kọjá, màá dúró díẹ̀, màá tún máa bá a lọ. Tí mo bá ti kà á tán, màá fi ránṣẹ́. N kì í padà gbọ́ ọ. Èmi kò fẹ́ràn ohùn ara mi.

Nínú ọyẹ́ ọdún kejì, ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní ọsíbítù, ara rẹ̀ yá díẹ̀, àìsàn náà tún padà. Ó kú kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn. Awakọ̀ ni, ọmọ ìjọ Aládùúrà sì ni. Àwọn ará ìjọ rẹ̀ wọ aṣọ funfun wá sin ín, èmi tí mo jẹ́ Onítẹ̀bọmi láti Ògbómọ̀ṣọ́ dúró láàárín wọn, mo ń bá wọn kọ orin tí n kò mọ̀ dáadáa.

Fún oṣù mélòó kan, n kò ka ohunkóhun. Ọmọbìnrin ayálégbé wa kò bi mí léèrè ìwé. Ó kàn máa ń wá jókòó tì mí tó bá ti dé láti ilé ẹ̀kọ́, a óò jọ ṣa ẹ̀wà tàbí kí a bó ẹ̀gúsí. Lọ́jọ́ kan, èmi fúnra mi bi í pé kí ni wọ́n ń kọ́ wọn báyìí. Ó ní ìwé ńlá kan wà tó ń yọ gbogbo àwọn lẹ́nu, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kà á torí pé ó gùn. Mo ní kó gbé e wá.

Ọmọ mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn gbọ́ pé mo fẹ́ padà sẹ́nu ìwé kíkà, ó ní kí n ṣe é bó ṣe yẹ lọ́tẹ̀ yìí. Ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká kan wá fún mi, pẹ̀lú maikirofóònù tó ń dúró lórí ẹsẹ̀ kékeré, àti hẹ́dífóònù tó bo gbogbo etí. Ó wá fi ètò kan sínú kọ̀ǹpútà náà, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe àwo orin ń lò láti gba ohùn sílẹ̀ kí wọ́n sì tún un ṣe. Ó fi bó ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn mí kó tó padà lọ. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju ojú mi lọ. Mo ń mi orí, mo ń dáhùn pé ó yé mi, ojú sì ń tì mí láti sọ pé kò yé mi.

Nígbà tí èmi nìkan wá ṣí ètò náà lọ́jọ́ kejì, ojú rẹ̀ dúdú bíi pé òjò ṣú. Bọ́tìnnì wẹ́wẹ́ kún òkè, ìlà kún àárín, nọ́ńbà sì tò sísàlẹ̀. Mo fi máòsì tẹ ọ̀kan, àpótí kékeré kan yọ jáde, ó ń bi mí ní ìbéèrè tí n kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo pa á, òmíràn yọ. Mo pa kọ̀ǹpútà náà pátápátá, mo lọ já ewé ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé.

Lọ́jọ́ kẹta mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n. Mo tẹ bọ́tìnnì pupa, àwọn nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, mo sì ka orí kìíní ìwé ńlá náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gbà mí ní wákàtí kan gbáko. Ọ̀nà ọ̀fun mi gbẹ, ṣùgbọ́n inú mi dùn. Mo wọ hẹ́dífóònù, mo ní kó sọ ohun tó gbà. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo yí ohùn rẹ̀ sókè títí dé òpin, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wákàtí kan ni ètò náà fi ka àkókò fún mi, kò gba ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Mo jókòó, mo ń wo ògiri. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, n kò sì rántí ìgbà kan tí mo rí ara mi bí òpònú tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọbìnrin náà bá mi níbẹ̀. Mo rò fún un. Ó ní olùkọ́ òun nígbà tí òun wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ irú ètò bẹ́ẹ̀ dáadáa, pé olùkọ́ náà ni olórí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, òun náà ló sì ń gba orin wọn sílẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀. Kò dúró kí n dáhùn tó fi pè é lórí fóònù. Ohùn ọkùnrin náà tutù. Ó kí mi kú wàhálà, ó ní òun ti gbọ́ ìwé tí mo kà fún wọn rí. Ó ní kí n máa bọ̀ ní Sátidé, kí n gbé gbogbo ẹrù náà dání.

Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, n kò tí ì gba ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Ojú ọ̀nà rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi gbé èrò láti Ọ̀yọ́ lọ síbẹ̀, orí ọ̀nà yẹn náà la ti pàdé nígbà tí mo ṣì ń ti ilé àwọn òbí mi lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí mo dé gáréèjì láàárọ̀ Sátidé náà, méjì nínú àwọn awakọ̀ dá mi mọ̀. Wọ́n kí mi kú ọ̀rọ̀ ènìyàn, wọ́n sì fi mí síjókòó iwájú. Mo gbé báàgì kọ̀ǹpútà lé itan, mo dì í mú. Mo ti rò pé màá sunkún lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n n kò sunkún. Awakọ̀ náà ń sọ ìtàn ọkọ mi fún àwọn èrò, bó ṣe máa ń dúró gbé àwọn àgbà tí kò lówó lọ́wọ́, a sì ti dé kí n tó mọ̀.

Kẹ̀kẹ́ gbé mi dé ilé olùkọ́ náà, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi kan. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ó sì mú mi wọ yàrá kan tí wọ́n fi kápẹ́ẹ̀tì bo ògiri rẹ̀. Ọkùnrin kan tó tó ẹni ogójì ọdún dìde, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó na ọwọ́. Ojú rẹ̀ ń wo ẹ̀gbẹ́ èjìká mi. Ọ̀pá funfun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. Kí n sọ òtítọ́: ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé mo ti wọkọ̀ lásán. Ohun tí èmi fi ojú méjèèjì wò tí kò yé mi, báwo ni ẹni tí kò ríran yóò ṣe fi hàn mí?

“Ẹ ti dákẹ́, mà,” ó ní. “Ọmọ yẹn ò sọ fún yín pé èmi náà ò ríran.”

Mo ní kò sọ ọ́.

“Kò ní rántí sọ ọ́. Kò rò pé ó kan ọ̀rọ̀ náà.”

Ó ní kí n jókòó kí n ṣí ètò náà. Ó ní kí ìyàwó òun mú táwẹ̀lì kan wá. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ mú un dé, ọkùnrin náà fi ọwọ́ wá etí kọ̀ǹpútà mi, ó sì da táwẹ̀lì náà bo ojú rẹ̀.

“Ohun tó ń dẹ́rù bà yín wà níbẹ̀,” ó ní. “Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan ná.”

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nìyẹn. Òun kò lo máòsì rí láyé rẹ̀. Bọ́tìnnì lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà ló fi ń ṣe gbogbo nǹkan, ohùn kan nínú kọ̀ǹpútà sì ń sọ fún un ohunkóhun tí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ̀. Ó ní ọmọ mi á bá mi fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ sínú tèmi, ṣùgbọ́n títí dìgbà náà, òun ni yóò jẹ́ ohùn náà. Ìdí tí ètò mi kò fi gba nǹkan kan sílẹ̀ kò ṣòro. N kò sọ fún ìlà kankan, ibi tí ohùn máa ń wọ̀ sí nínú ètò náà, pé kó máa gbọ́ mi.

“Ó dà bí ìgbà tí ẹ wọ kíláàsì tí ẹ béèrè ìbéèrè,” ó ní, “tí ẹ ò nàka sí ọmọ kankan. Gbogbo wọn á kàn máa wò yín ni.”

Ẹ̀kọ́ yẹn yé mi lójú ẹsẹ̀, torí pé èdè iṣẹ́ mi ló fi sọ ọ́. Bọ́tìnnì mẹ́fà péré ló kọ́ mi lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan láti ṣẹ̀dá ìlà tuntun, ọ̀kan láti sọ fún ìlà náà pé kó máa gbọ́, ọ̀kan láti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn, èyí tó gùn jù lọ nísàlẹ̀ láti dá a dúró tàbí láti gbọ́ ohun tí mo kà, lẹ́tà S láti gé e, àti ọ̀kan láti yí àṣìṣe padà. Ó ní kí n fi ìyókù sílẹ̀, pé òun fúnra òun kò tí ì lo ìdajì wọn.

Èyí tó gbẹ́yìn yẹn ló pẹ́ lórí rẹ̀ jù. Ó ní kí n ka gbólóhùn mẹ́ta. Mo kà á. Ó ní kí n bà á jẹ́, kí n gé e níbi tí kò yẹ. Mo gé e. Ó ní kí n dá a padà. Mo tẹ bọ́tìnnì náà, ọ̀rọ̀ mi sì so padà bíi pé n kò fọwọ́ kàn án. Ó ní kí n tún bà á jẹ́, kí n nu gbogbo rẹ̀ dànù. A ṣe bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀rù náà fi kúrò lára mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lábẹ́ hẹ́dífóònù. Ìyàwó rẹ̀ gbé iṣu àti ẹyin wá fún wa. Nígbà tí mo ń lọ, olùkọ́ náà ní kí n wá yàrá tí aṣọ pọ̀ sí jù lọ nílé mi, ibẹ̀ ni kí n ti máa kàwé, torí pé aṣọ máa ń gba ariwo mọ́ra.

Yàrá tí aṣọ pọ̀ sí jù lọ nílé mi ni yàrá kékeré tí mo kó aṣọ ọkọ mi sí. Àwọn ọmọ ti sọ pé kí n pín in, n kò tí ì lè ṣe é. Àwọn aṣọ àdúrà rẹ̀ funfun wà lórí ìkọ́, àwọn búbá àti ṣòkòtò rẹ̀ wà nínú àpótí. Mo fà wọ́n jáde, mo fi wọ́n kọ́ yí ògiri mẹ́ta ká. Mo fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé, mo gbé fóòmù ti ilẹ̀kùn. Mo gbé tábìlì kékeré sí àárín wọn, mo sì jókòó.

Láàárín agogo mẹ́wàá sí agogo méjìlá ni àdúgbò wa máa ń dákẹ́ díẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ, àwọn ọlọ́jà ti lọ, ìrun ọ̀sán kò sì tí ì tó. Ìgbà náà ni mo mú. Màá pa fáànù, màá mú táwẹ̀lì ìnujú dání, màá máa làágùn, màá sì máa kà. Tí mo bá ṣì í kà, màá dúró, màá padà sí ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà, lẹ́yìn náà màá gé èyí tí kò dára dànù pẹ̀lú lẹ́tà S. Orí kìíní tó gbà mí ní wákàtí kan nígbà kan gbà mí ní ọjọ́ mẹ́rin lọ́tẹ̀ yìí. N kò kánjú mọ́.

Mo fi orí kìíní ránṣẹ́ sí olùkọ́ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó pè mí lọ́jọ́ kejì. Ó kí mi kú iṣẹ́, ó yìn mí, lẹ́yìn náà ó ní òun gbọ́ firíìjì. Ó ní òun gbọ́ nígbà tí mo ṣí ojú ewé, òun sì gbọ́ pé ebi ń pa mí níbi tó kù díẹ̀ kó parí. Mo ní òtítọ́ ni. Ó wá sọ èyí tó gbẹ́yìn.

“Mà, ẹ ń kà á bíi pé ẹ dúró níwájú ọgọ́ta ọmọ tó ń pariwo. A ò pariwo, mà. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbọ́ yín, etí rẹ̀ sì wà lẹ́nu yín.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe olùkọ́, pípariwo ni mo fi ṣe é. Nígbà tí mo padà jókòó sáàárín àwọn aṣọ náà, mo gbìyànjú láti kà á fún ẹnì kan ṣoṣo. Ọmọbìnrin ayálégbé wa ni mo fi sọ́kàn, bí ó ṣe máa ń tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó bá ń tẹ́tí. Ohùn mi rọ̀. Mo gbọ́ ọ padà nínú hẹ́dífóònù, n kò sì kórìíra rẹ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ìwé ńlá náà parí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kí n tún àwọn ti àtijọ́ tí mo kà sínú fóònù ṣe, torí pé àwọn tó wà ní kíláàsì ìsàlẹ̀ ṣì nílò wọn, ariwo sì pọ̀ nínú wọn. Mo kó gbogbo wọn sínú kọ̀ǹpútà, mo sì tún wọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí olùkọ́ mi fi bí wọ́n ṣe ń yọ ariwo hàn mí. Ó ní a óò kọ́kọ́ wá ibì kan tí n kò ti sọ̀rọ̀, tó jẹ́ ariwo nìkan, kí ètò náà lè mọ ohun tí yóò yọ. Ó wọ hẹ́dífóònù tirẹ̀, ó ń wá a. Ó wá a títí, ó dúró lójijì. Ó padà sẹ́yìn, ó tún gbọ́ ọ.

“Mà,” ó ní, “kí a tó yọ ariwo yìí kúrò, ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀.”

Ó bọ́ hẹ́dífóònù, ó nà án sí mi. Mo gbọ́ ara mi tí mò ń kàwé nípa bí ọmọdé ṣe ń kọ́ èdè. Mo dúró láti ṣí ojú ewé. Ẹnì kan wúkọ́. Mo gbọ́ ìró àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wa. Lẹ́yìn náà ọkọ mi ní, “Tíṣà, sinmi díẹ̀, mu omi.” Mo gbọ́ tí èmi dáhùn pé mò ń bọ̀, mo sì ń kà á lọ.

Tíṣà ló máa ń pè mí láti ọjọ́ tí a ti pàdé. Fọ́tò rẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n n kò ní ohùn rẹ̀ níbì kankan. Kì í fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù. Tó bá ní ọ̀rọ̀, á pè ọ́, á sọ ọ́, á sì gé e. Mo ti gbà pé mi ò ní gbọ́ ọ mọ́. Láti ìgbà yẹn wá ló sì ti wà nínú fóònù mi, nínú ìwé tí mo fi ránṣẹ́ láìgbọ́ ọ.

Olùkọ́ mi kò bi mí léèrè ẹni tó jẹ́. Ó kàn ní, “Ẹ mọ lẹ́tà tí wọ́n fi ń gé e.”

Mo gé e níwájú, mo gé e lẹ́yìn. Mo ṣẹ̀dá ìlà tuntun, mo gbé e síbẹ̀ lóun nìkan. Ètò náà ní kí n fún ìlà náà lórúkọ, mo kọ Bàbá sí i. Olùkọ́ mi ní òun fẹ́ lọ wo ohun tí ìyàwó òun ń sè. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó sì fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn. Ó pẹ́ kó tó padà, mo sì mọ̀ pé kò sí ohun tó ń wò níbẹ̀.

A fi gbogbo ọjọ́ náà gbọ́ àwọn ìyókù. A tún rí i níbi mẹ́ta. Níbì kan, ó ń fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ gbàdúrà nínú yàrá. Níbì kan, ó rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ṣi ọ̀rọ̀ kan kà. Ẹ̀kẹta jìnnà, bíi pé láti ẹnu ọ̀nà ló ti wá. Olùkọ́ mi ló gbọ́ ọ̀rọ̀ náà kí èmi tó gbọ́ ọ. Àwọn kan ń kọjá pẹ̀lú ariwo lójú títì, ọkọ mi sì ń sọ fún wọn pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra kọjá. Ìyàwó mi ń kàwé fún àwọn ọmọ.”

N kò mọ̀. Mo máa ń rò pé ó jáde lọ gba atẹ́gùn ni. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ kò yá máa ń dìde lórí àga, á lọ dúró síta, á máa bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n dákẹ́ nítorí mi, kò sì sọ ọ́ fún mi rí. Mo sunkún níwájú olùkọ́ mi lọ́jọ́ yẹn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kò sí ohun tí òun ṣe, pé òun kàn tẹ́tí ni. Mo ní mo mọ̀, ohun tí mo ń dúpẹ́ lé lórí náà nìyẹn.

Mo fi ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà ránṣẹ́ sí ọmọ mi ní Ìbàdàn. Ó pè mí nírọ̀lẹ́. Kò sí ẹni tó fẹ́ gbé fóònù kalẹ̀ nínú àwa méjèèjì. Àwọn aṣọ bàbá rẹ̀ ṣì wà lórí ògiri yàrá kékeré náà títí di òní. Àwọn ọmọ kò sọ ọ̀rọ̀ pínpín wọn mọ́, torí pé àwọn aṣọ náà ti níṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe.

Ọmọbìnrin ayálégbé wa ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó ti di olùkọ́ lágbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì máa ń pè mí láràárọ̀ Sọ́ńdè kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn mìíràn ti gba yàrá rẹ̀, ìwé sì ń wọlé. Mo ti ka ti ìtàn, ti ìlera, ti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àwọn ọmọ tí kì í gbọ́ràn. Mo ti mọ bọ́tìnnì mọ́kànlá báyìí.

Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, mo lọ sí Ọjà Akẹ̀sán láti ra ata. Mo ń bá obìnrin aláta dúnàá-dúrà, n kò tilẹ̀ sọ tó gbólóhùn mẹ́ta, nígbà tí ọkùnrin kan tó dúró lẹ́yìn mi kí mi. Ó di apá ìyàwó rẹ̀ mú, kò ríran. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ka ìwé ìtọ́jú ọmọ?”

Mo ní èmi ni. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ sáàárín apẹ̀rẹ̀ ata, èmi àti ìyàwó rẹ̀ dì í mú. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìrẹsà ni òun ti ń kọ́ni báyìí, pé ohùn mi ni òun gbọ́ títí òun fi yege. Ó ní òun kò rò pé ẹni tó ni ohùn náà máa ń ra ata. Aláta rẹ́rìn-ín, ó sì fi ẹ̀kún ọwọ́ méjì kún tèmi.

A dúró sọ̀rọ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó béèrè àlàáfíà mi, mo béèrè ti àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ pínyà, ó ní nǹkan kan wà tí òun fẹ́ sọ, kí n má bínú. Ó ní ní orí keje ìwé náà, mo ka ìpínrọ̀ kan ní ẹ̀ẹ̀mejì, mo gbàgbé láti gé ọ̀kan. Ó ní òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ti mọ ibẹ̀ sórí, pé tí wọ́n bá ti dé ibẹ̀, gbogbo wọn á máa bá mi kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Mo ní kò ní bí mi nínú láé. Mo bá wọn rìn dé ibi tí wọ́n ti wọ kẹ̀kẹ́, mo sì gbé ata mi lọ sílé. Kí n tó da omi sí i, mo wọ yàrá kékeré, mo ṣí orí keje. Bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni. Mo gé ìkejì dànù, mo fi èyí tó mọ́ ránṣẹ́ sí àwọn tó wà ní kíláàsì lọ́wọ́lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà mo lọ gún ata.